ML350 tókúnbọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀: ẹ wá omi kí ẹ tó fẹ̀sùn kan bréènì bọ́ọ̀sì

ML350, jíìpù Mercedes-Benz, tí à ń sọ níbí ni èyí tí àwọn oníṣẹ́ Bẹ́ńsì ń pè ní W164. Ó bọ́ sójú títì lọ́dún 2005, Mercedes sì ń tò ó ní Alabama, Amẹ́ríkà, títí di 2011. Ẹ́ńjìnì V6 oní 3,498 cc ló wà nínú rẹ̀, M272 lorúkọ rẹ̀. Gíà rẹ̀ jẹ́ onípele méje. Lórí ìjókòó, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ inú ọkọ̀, àti bó ṣe ń di ọ̀nà mú nígbà tí ẹ bá ń sáré lọ sí Ìbàdàn, jíìpù tó bá a dọ́gba kò pọ̀ ní iye tí wọ́n ń ta tókúnbọ̀ rẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n ó ti darúgbó. Àbíkẹ́yìn wọn ti lé lọ́dún mẹ́wàá dáadáa, àwọn ẹ̀gbọ́n wọn ti tó ogún. Ẹṣin lẹ rà yẹn, koríko ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn.

Èrò wa rèé ká tó lọ jìnnà: ẹ yẹra fún ti 2006 àti èyí tó jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ 2007, àfi tí ìwé bá wà pé wọ́n ti tún inú ẹ́ńjìnì rẹ̀ ṣe. Ti 2009 sí 2011 ṣeé rà, bí inú rẹ̀ bá gbẹ. Ọ̀rọ̀ gbígbẹ yìí la máa pẹ́ lórí rẹ̀ jù.

Ẹ́ńjìnì ló lè fi ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo jẹ owó ọkọ̀ náà tán, ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ wọlé. Nínú M272, irin gbọọrọ kan wà tó ń yí láti pa gbígbọ̀n V6 lẹ́nu mọ́. Balance shaft ni wọ́n ń pè é. Ṣéènì tó ń darí táímìn (àkókò tí àwọn fáfù ẹ́ńjìnì ń ṣí tí wọ́n sì ń pa dé) ló ń yí kẹ̀kẹ́ eléyín tó wà lórí rẹ̀. Lára àwọn ti àkọ́kọ́, irin tí wọ́n fi ṣe kẹ̀kẹ́ eléyín yìí rọ̀ jù. Bí ìrìn ọkọ̀ bá ti pọ̀, eyín rẹ̀ á máa jẹ, ṣéènì á dẹ̀, táímìn ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ẹ́ńjìnì á sì sún sẹ́yìn. Iná ṣẹ́ẹ̀kì ẹ́ńjìnì á tàn, skánà (ẹ̀rọ tó ń ka àṣìṣe inú ọkọ̀) tó gbọ́ èdè Mercedes á sì mú kóòdù 1200 àti 1208 jáde. Ọkọ̀ náà á ṣì máa rìn, ẹni tó ń tà á á ní sẹ́ńsọ̀ lásán ni. Bí ẹ bá gbọ́ “sẹ́ńsọ̀ lásán” lẹ́nu ẹni tó ń ta ML 2006, ẹ dìde ńlẹ̀, ẹ máa lọ.

Nọ́ńbà ẹ́ńjìnì ló ń tú àṣírí yìí. 2729 ló fi ń bẹ̀rẹ̀, 30 wà láàárín, nọ́ńbà mẹ́fà ló kẹ́yìn. Bí mẹ́fà ìkẹyìn náà bá jẹ́ 468993 tàbí ó kéré sí i, irin rírọ̀ yẹn ló wà nínú rẹ̀. Ara ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ ni kí ẹ ti ka nọ́ńbà yìí, kì í ṣe orí ìwé ọkọ̀ nìkan, nítorí ẹ́ńjìnì bẹ́ljọ́ọ̀mù lè ti wọ inú ọkọ̀ náà kó tó dé ọwọ́ yín. Bí nọ́ńbà bá kó ìfura wá, àyẹ̀wò kan wà tí kò gba kí wọ́n tú ẹ́ńjìnì: mẹkáníìkì á fi spánà yí púlì iwájú títí dé àmì 305, á yọ sẹ́ńsọ̀ kámṣáàfù (irin tó ń ṣí fáfù) mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, á sì yọjú wo inú ihò wọn. Àmì tó wà lára àwo inú ibẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní àárín gbùngbùn ihò. Bí ti ọ̀tún àti ti òsì bá jọ yẹ̀ kúrò láàárín, eyín ti jẹ nìyẹn.

Irin náà fúnra rẹ̀ kọ́ ló wọ́n, iṣẹ́ ibẹ̀ ni. Ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ pátápátá kí wọ́n tó dé ibẹ̀, ṣéènì tuntun á sì bá a wọlé. Àwọn kan máa ń fo ṣéènì ní eyín kan kí iná lè kú. Iná á kú lóòótọ́; irin tó ń jẹ kò ní dáwọ́ jíjẹ dúró.

Ọ̀kan tó kéré sí ìyẹn wà lórí ẹ́ńjìnì yìí kan náà. Ìgbá oníke tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé ní ọ̀pá oníke kékeré kan níwájú tó ń ṣí ilẹ̀kùn inú rẹ̀. Ooru ń mú un gan, á sì kán. Kóòdù P2004 sí P2006 ló máa ń jáde, ẹ́ńjìnì á sì máa lọ́ra nígbà tí ẹ bá ń gbéra. Àwọn kan ń ta ọ̀pá onírin láti fi rọ́pò ti oníke náà. Ó dára bí ilẹ̀kùn inú bá ṣì ń lọ wẹ́rẹ́. Bí wọ́n bá ti ń há, ìgbá náà lódindi ni kí ẹ pààrọ̀.

Ó wá kan iná ọkọ̀, ibi tí orúkọ ML ti bàjẹ́. Wáípà á máa yí láìjẹ́ pé ẹnì kan fọwọ́ kàn án. Dáṣíbọ́ọ̀dù á kọ ọ́ pé gílóòbù ẹ̀yìn ti kú, bẹ́ẹ̀ ó ń tàn. Búùtù kò ní ṣí. Lọ́jọ́ mìíràn, pọ́ǹpù epo kò ní dún rárá, ọkọ̀ á dúró sójú kan bí òkúta. Riwáyà, oníṣẹ́ iná ọkọ̀, á ní bréènì bọ́ọ̀sì, ìyẹn kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnì, ti jóná. Nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀, irọ́ ni. Omi ló wọlé.

Ọ̀nà tó gbà wọlé ni fèrèsé òrùlé, èyí tí wọ́n ń pè ní sọ́nrúùfù. Róbà etí fèrèsé yẹn kò wà láti dí gbogbo omi. Abọ́ kan wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń gba èyí tó bá yọ́ wọlé, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin ló sì ń gbé e sọ̀ kalẹ̀, méjì láti ẹ̀gbẹ́ gíláàsì iwájú, méjì láti ẹ̀yìn. Bí ọ̀kan bá dí, abọ́ á kún, omi á sì dà sínú ọkọ̀. Ìdí rèé tí fífi gíláù lẹ etí fèrèsé náà pa kò fi wo àrùn yìí sàn. Ní Ifẹ̀, nǹkan méjì ló ń dí i: eruku pupa ìgbà ọyẹ́, àti ewé. Ẹni tó ń páàkì sábẹ́ igi nínú ọgbà OAU láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ń fi ewé bọ́ abọ́ yẹn lójoojúmọ́. Eruku ọyẹ́ á ti jókòó sínú rọ́bà láti oṣù Kejìlá. Òjò àkọ́kọ́ á pò ó di ẹrẹ̀. Òjò kejì kò ní rí ibi gbà mọ́.

Bí ẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò rọrùn. Ẹ ṣí fèrèsé òrùlé tán, ẹ bu omi bíi ife tíì kan, ẹ rọra dà á sí igun abọ́ kọ̀ọ̀kan. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ó yẹ kó máa kán sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀. Igun tí omi rẹ̀ bá dúró ti dí. Ẹ wá okùn náílọ̀nù tí wọ́n fi ń gé koríko, ẹ fi iná ràn án díẹ̀ lẹ́nu kó má bàa mú, kí ẹ sì rọra tì í wọ inú rọ́bà náà. Ẹ má jẹ́ kí fọ́kánáísà fi afẹ́fẹ́ táyà fẹ́ ẹ lágbára: rọ́bà náà á já kúrò lẹ́nu ìdí rẹ̀ nínú òrùlé, àtúnṣe tí ì bá gba ogún ìṣẹ́jú á wá di yíyọ gbogbo aṣọ òrùlé. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún: ní oṣù Kẹta kí òjò tó dé, àti ní oṣù Kọkànlá. Nígbà tí ẹ bá ń ṣe é, ẹ kó ewé tó wà lábẹ́ wáípà náà kúrò. Omi ibẹ̀ ń gba ojú fáànù éásí wọlé.

Omi tó bá wọlé ní ibi méjì tó ń jókòó sí. Níwájú, á lọ sábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, níbi tí tìmùtìmù tó nípọn wà. Òkè kápẹ́ẹ̀tì á gbẹ, ìsàlẹ̀ á ṣì rin gbindin lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Abẹ́ ìjókòó ọ̀tún iwájú ni bátìrì ọkọ̀ yìí wà, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ oríta wáyà nítòsí rẹ̀. Lẹ́yìn, omi á lọ sí kòtò táyà àpójù, á sì ta sí SAM ẹ̀yìn tó wà nínú búùtù lápá ọ̀tún. Ẹ rò ó bí ilé fíúùsì tó ní ọpọlọ: òun ló ń pín iná fún iná ẹ̀yìn, búùtù àti pọ́ǹpù epo. Bí ẹ bá mọ èyí, ẹ ó rí i pé ọ̀pọ̀ nínú ìyà tí a kà sókè yẹn, ojú kan ni wọ́n ti ń wá.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ wo ọkọ̀, ẹ má tíì tan rédíò. Ẹ tẹ kápẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún mọ́lẹ̀ dáadáa pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́. Ẹ gbé ilẹ̀ búùtù sókè, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo kòtò táyà. Ẹ ṣí ilé fíúùsì ẹ̀yìn, ẹ wò ó bóyá ẹsẹ̀ kọ́pà ti hu ìdọ̀tí aláwọ̀ ewé. Bí olówó ọkọ̀ bá wọ́n lọ́fínńdà jù, ẹ tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.

SAM tí omi kàn kì í ṣe òkú lójú ẹsẹ̀. Ẹ tú bátìrì, ẹ yọ ọ́, ẹ fi ọtí isopropyl oní 99% àti búrọ́ọ̀ṣì eyín tó rọ̀ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ kan gbáko kí ẹ tó dá a padà. Bí ìpẹtà bá ti jẹ ẹsẹ̀ wáyà, ẹ wá òmíràn. Bẹ́ljọ́ọ̀mù lè ṣiṣẹ́ níbí bí nọ́ńbà ara rẹ̀ bá bá ti àtijọ́ mu, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ fi kọ̀ǹpútà Mercedes kọ́ ọ ní ohun tí ọkọ̀ yín ní àti ohun tí kò ní. Skánà kékeré tí ọ̀pọ̀ riwáyà ń lò kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Kóòdù ẹ́ńjìnì nìkan ló ń kà. Ẹ bi wọ́n léèrè kí wọ́n tó tú nǹkan kan: “Ṣé skánà yín lè wọ inú SAM àti gíà?” Ẹni tó bá ní kò pọn dandan, ẹ má jẹ́ kó gé wáyà kankan. Wáyà tí wọ́n gé, tí wọ́n sì fà tààrà láti bátìrì lọ sí pọ́ǹpù epo, ni ohun tó burú jù tí à ń bá lára àwọn ML yìí. Iná á máa ṣàn síbẹ̀ láìdúró, fíúùsì kò sì sí lójú ọ̀nà rẹ̀.

Bátìrì náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Irú AGM, 95 Ah, ni ọkọ̀ yìí ń lò, rọ́bà kékeré kan sì ń gbé afẹ́fẹ́ rẹ̀ jáde síta nítorí pé inú ọkọ̀ ló wà. Bátìrì lásán tí kò ní ojú rọ́bà yìí kò yẹ lábẹ́ ìjókòó tí ènìyàn jókòó lé. Bí iná bá rẹ̀wẹ̀sì, àwọn kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣì ara wọn gbọ́, dáṣíbọ́ọ̀dù á máa to ẹ̀sùn lọ́kọ̀ọ̀kan: bíréèkì, ESP (ohun tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ yọ̀ lójú títì), gíà. Mítà olówó pọ́ọ́kú tó láti mọ òtítọ́. Ní àárọ̀, kí ẹ tó ṣí ọkọ̀, 12.6 fóòtì sókè dára, lábẹ́ 12.2, ebi ń pa á. Bí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, 13.8 sí 14.5. Bí bátìrì tuntun bá ń kú lóru, ẹ ti ọkọ̀ pa, ẹ dúró bí ìdajì wákàtí kó sùn, kí ẹ wá wọn iná tó ń jò: kò yẹ kó kọjá 50 mA. Ẹ máa yọ fíúùsì lọ́kọ̀ọ̀kan títí nọ́ńbà á fi wálẹ̀.

Lẹ́yìn omi, ọ́ìlì ni ọ̀tá kejì fún wáyà. Magnẹ́ẹ̀tì kámṣáàfù mẹ́rin ló wà níwájú M272. Bí wọ́n bá gbó, ọ́ìlì á máa yọ gba ẹnu pọ́lọ́ọ̀gì wọn (ibi tí wáyà ti so mọ́ wọn), á wọ inú wáyà, á sì máa fà lọ díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀ bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo, títí á fi dé kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnì. Nígbà tó bá dé ibẹ̀, ìgbà yẹn ni bréènì bọ́ọ̀sì tó ń bàjẹ́ lóòótọ́. Ẹ máa yọ pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò nígbàkigbà tí ẹ bá ń ṣe sẹ́fíìsì. Bí inú rẹ̀ bá tutù fún ọ́ìlì, ẹ pààrọ̀ magnẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì fi wáyà àfikún kúkúrú tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yìí sáàárín. Òun ni ọ́ìlì á bà jẹ́ dípò wáyà ńlá. Owó rẹ̀ kéré. Bí ẹ bá ń gbóòórùn ọ́ìlì tó ń jó bí ẹ ṣe dúró nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ ní Lágere, ìdérí kékeré ẹ̀yìn orí ẹ́ńjìnì ló sábà máa ń jò sórí sálẹ́ńsà. Kò le láti ṣe.

Sẹ́fíìsì ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ kò lọ́rọ̀ púpọ̀: lítà mẹ́jọ ọ́ìlì, ìyẹn gálọ́ọ̀nù onílítà mẹ́rin méjì, 5W-40 tí MB 229.5, àmì ìfọwọ́sí Mercedes, wà lára rẹ̀. Nínú eruku àti gósílóò tiwa, 8,000 kìlómítà ni kí ẹ má kọjá.

Gíà ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Kò sí ọ̀pá tí ẹ lè fà jáde wọn ọ́ìlì rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń rọ ọ́, pẹ̀lú ẹ́ńjìnì ní títàn, skánà sì gbọ́dọ̀ fi hàn pé ọ́ìlì inú gíà wà ní 45°C. Èyí tó bá kán dànù lẹ́nu ihò ni àpọ̀jù. Mẹkáníìkì tó bá ní òun á fojú bù ú, ẹ má gbà. MB 236.14 ni ọ́ìlì tó bá ọ̀pọ̀ wọn mu, bíi lítà márùn-ún ló ń jáde nígbà tí wọ́n bá sọ pọ́ọ̀tì rẹ̀ (abọ́ ìsàlẹ̀ gíà) kalẹ̀ láti pààrọ̀ fíltà. Ọ́ìlì gíà pupa tí wọ́n ń bù tà lẹ́bàá títì kọ́ nìyí. Bí ọkọ̀ bá sì há sí gíà kan ṣoṣo, tí P0717 tàbí P0722 jáde, sẹ́ńsọ̀ tó ń ka ìyára yíyí ló ti kú. Ara pákó kọ̀ǹpútà inú gíà ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́, a kò lè dá a pààrọ̀. Ìdẹkùn tó wà níbẹ̀ ni pé pákó bẹ́ljọ́ọ̀mù ti gba orúkọ ọkọ̀ mìíràn. Bí wọn kò bá kọ́kọ́ pa orúkọ yẹn rẹ́, ọkọ̀ yín kò ní gbà á. Tuntun náà ń fẹ́ kí wọ́n so ó mọ́ ọkọ̀. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ gíà ML fi sábà máa ń dé Ìbàdàn tàbí Èkó.

Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ńkọ́? Irú méjì ló wà. Ọ̀kan ń lo sípírínì, èkejì ń lo àpò afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń pè ní AIRMATIC. Fún títì Ifẹ̀ sí Iléṣà pẹ̀lú gálọ́ọ̀pù rẹ̀, onísípírínì la ó yàn láìronú lẹ́ẹ̀mejì. Lára alápò afẹ́fẹ́, bọ́tìnnì kan wà tó ń gbé ọkọ̀ sókè. Bí igun kan bá wólẹ̀ lóru, ẹ bu omi ọṣẹ sí àpò náà kí ẹ wá ibi tó ń hó. Kí ẹ má ṣe máa wà á bẹ́ẹ̀: kọ̀ǹprẹ́sọ̀ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí àpò á máa ṣiṣẹ́ láìsinmi títí á fi jóná, rílé rẹ̀, swíìṣì tó ń fún un níná, á sì lẹ̀. Ẹni tó bá pààrọ̀ kọ̀ǹprẹ́sọ̀ tí kò pààrọ̀ rílé, tí kò sì dí ibi tó ń jò, ti fi owó rẹ̀ gbálẹ̀.

Táyà 235/65 R17 ni kí ẹ wá, kì í ṣe 19 tí etí rẹ̀ tín-ín-rín. Kòtò kan ṣoṣo lè ya ti 19. Bóòtì ló ń di táyà rẹ̀ mú, kì í ṣe nọ́ọ̀tì, 150 Nm ni agbára tí wọ́n fi ń dì í.

Bíréèkì: kí ẹ má gbàgbé èyí láé. Ní 2022, Mercedes ní kí wọ́n dá ML, GL àti R-Class tó tó 993,000 padà káàkiri ayé, àwọn tí wọ́n ṣe láàárín 2004 sí 2015, nítorí pé omi ń jókòó sábẹ́ aṣọ róbà tó bo búúsítà bíréèkì (ohun tó ń ran ẹsẹ̀ yín lọ́wọ́ láti tẹ bíréèkì), irin abẹ́ rẹ̀ á sì dípẹtà títí tí á fi lu. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n sọ fún àwọn tó ni ọkọ̀ náà pé kí wọ́n má wà á títí wọ́n á fi yẹ̀ ẹ́ wò. Tókúnbọ̀ tó kúrò níbẹ̀ ṣáájú 2022 kò dé iwájú àyẹ̀wò yẹn. Ẹ ní kí mẹkáníìkì ká róbà náà kúrò lára búúsítà, kó fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ̀ ọ́, kó sì wò ó. Bí irin bá ń ṣí bí èèpo, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá ń tẹ bíréèkì tí ẹ ń gbọ́ afẹ́fẹ́ tó ń sín bí ejò, ẹ páàkì.

Aràròmí ní Géètì, Ìbàdàn, ló sún mọ́ wa jù fún bẹ́ljọ́ọ̀mù; ohun tí kò bá sí níbẹ̀, Ládìpọ̀ ní Mùṣín. Nǹkan tí kò yẹ kí ẹ rà ní bẹ́ljọ́ọ̀mù ni àpò afẹ́fẹ́, sẹ́ńsọ̀, àti gbogbo ohun onírọ́bà, nítorí ogún ọdún tó jẹ ti yín ló jẹ tiwọn náà. Ẹ gbé ti àtijọ́ lọ́wọ́ lọ, kí ẹ sì fi nọ́ńbà ara rẹ̀ ṣe ìfiwéra. “ML náà ni” kò tó.

Epo: ó ń jẹ bíi lítà 14 sí 15 fún ọgọ́rùn-ún kìlómítà. Táǹkì rẹ̀ gba 95.

Bí ẹ bá máa wà á wò kí ẹ tó sanwó, ẹ má yí i ká àdúgbò Sábó lásán. Ẹ gbé e lọ sí Iléṣà, nǹkan bí ọgbọ̀n kìlómítà, kí éásí wà ní títàn. Ẹ pa á ńbẹ̀, ẹ dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tún un sítáàtì. Sẹ́ńsọ̀ kránkì tó ń kú lọ máa ń gbà nígbà tútù, á sì kọ̀ nígbà tí ooru bá mú un: ẹ́ńjìnì á máa yí, kò ní mú. Bó bá sítáàtì lẹ́ẹ̀kan, ẹ máa bọ̀ nílé. Bí kò bá sítáàtì, sẹ́ńsọ̀ olówó kékeré ni, bóòtì kan ló dì í mú; ẹ yọ owó rẹ̀ kúrò nínú iye tí ẹ fẹ́ san.